Kukko Tí Irja Ní Kì í Ṣe Ti Ilé Wọn

Ihò mẹ́ta ni Saimi fi fọ́ọ̀kì dá sórí búrẹ́dì kukko tó ní ẹja nínú, ihò méjì ló dá sórí èyí tó ní gbòǹgbò lanttu. Èyí tó ní ihò méjì ni Irja ọmọ rẹ̀ gbé lọ sóde. Èrò ọmọ náà ni pé àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà nílé, òun, ìyá rẹ̀ àti Tauno àbúrò rẹ̀, nítorí náà ihò mẹ́ta ní láti jẹ́ ti ilé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà pé àṣìṣe ni, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe àṣìṣe.

Ìwé ìtàn tí ẹgbẹ́ abúlé wa tẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí ní ìlà mẹ́rin péré. Ó ní nígbà kan rí, níbi kinkeri kan, ìpàdé pásítọ̀ ní abúlé, wọ́n gé kukko, wọ́n bá lanttu nínú rẹ̀, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, a kò sì mọ ẹni tó gbé e wá títí di òní. Ìlà mẹ́rin, àṣìṣe mẹ́ta. Kì í ṣe "nígbà kan rí", oṣù kejì ọdún 1958 ni, nílé àwọn Räsänen. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. A sì mọ ẹni tó gbé e wá. Èmi àti Irja la jọ jókòó sórí àga gbọọrọ kan náà lọ́jọ́ náà. Kíláàsì kan náà la wà, ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lónìí. Bóyá àánú ló mú kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àánú kì í sọ irọ́ di òótọ́.

Níbòmíràn nínú ìwé náà, wọ́n tún pe kukko ní oúnjẹ òtòṣì. Èyí náà kò tọ́. Búrẹ́dì dúdú ni kukko. A ó po ìyẹ̀fun ọkà ráì, a ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a ó to ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí àárín rẹ̀, a ó wá ká a pa dé bí ẹni wé ọmọ tuntun, a ó fi ọwọ́ tútù dí gbogbo ibi tó bá fẹ́ là. Ilé tó ní ẹja ń fi ẹja sí i. Ilé tí kò ní ń fi lanttu sí i, gbòǹgbò ńlá tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí à ń wà lẹ́yìn ilé kí ilẹ̀ tó dì. Bí a bá ti sè é tán, méjèèjì kò yàtọ̀ lójú. Ọ̀bẹ nìkan ló ń tú àṣírí.

Saimi Kolehmainen kò ní ẹni tó ń bá a dẹ àwọ̀n. Gẹdú tí wọ́n ń dà lójú odò ló pa ọkọ rẹ̀ nígbà tí oyún Tauno ṣì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fọ ilẹ̀ ilé onílé, tó ń bá wọn fún wàrà màlúù, tó sì ń jẹ ohun tó hù lẹ́yìn ilé. Lanttu ni wọ́n ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rò pé ìyà ni wọ́n ń jẹ nínú ilé yẹn. Sátidé ni ààrò wọn máa ń gbóná. Búrẹ́dì ló ń kọ́kọ́ wọlé. Tí iná bá rọlẹ̀ díẹ̀, kukko á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkòkò ọkà bálì àti wàrà tí yóò sùn mọ́jú nínú ooru tó kù. Nígbà tí kukko bá jáde, Saimi á fi omi pa á lára, á fi aṣọ òtútù ọkọ rẹ̀ wé e kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀, á sì gbé e sórí ibùsùn bí ẹni tó ń sinmi. Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á máa fi ooru rẹ̀ yá ẹ̀yìn wọn. Tó bá tó àkókò, á fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ yípo bí ọmọrí ìkòkò. Ọmọrí yẹn ni Irja àti Tauno máa ń jà lé. Wọ́n á fi bọ́tà ra á, bọ́tà á yọ́, á ṣàn dé ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n á lá a. Lanttu inú rẹ̀ á ti rọ̀, á ti dùn bí oyin, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ á ti yọ́ wọ̀ ọ́. Irja sọ fún mi lẹ́yìn tó dàgbà pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ẹja lọ, nítorí ti ẹja máa ń ní egungun. Ohun tó fẹ́ràn jù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló sẹ́.

Kinkeri ni ọjọ́ tí pásítọ̀ máa ń wá bá wa ní abúlé nígbà òtútù, láti gbọ́ bóyá a mọ ìwé kà àti bóyá a mọ òfin Ọlọ́run lórí. Tọmọdé tàgbà ló ń jókòó dè é, àwọn àgbà gan-an ni ẹ̀rù máa ń bà jù. Lẹ́yìn ìbéèrè ni oúnjẹ. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á gbé nǹkan wá. Láti ọdún tí ọkọ Saimi ti kú, búrẹ́dì lásán ló ń gbé wá, wọ́n á sì tì í sí ìgun tábìlì. Lọ́dún náà, bàbá arúgbó kan tó máa ń dẹ àwọ̀n sábẹ́ yìnyín fún un ní abọ́ ẹja kan nítorí ó bá a tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Inú Saimi dùn débi pé ó sọ fún Hilja Räsänen, ìyàwó onílé, pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún òun láàárín tábìlì, ẹja ni wọn yóò jẹ lọ́wọ́ òun. Ó sè é lálẹ́, ó fi ìyẹ̀fun tó kù ṣe ti lanttu fún ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kọ́kọ́ lọ bá Hilja fọ ilẹ̀ ilé, ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí Irja gbé kukko ẹja tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n kò sọ iye ihò tó wà lórí rẹ̀.

Pásítọ̀ pe Irja dìde. Ó bi í ní òfin kẹrin. Bí àwa ṣe ń kà á, òfin kẹrin ni "Bọ̀wọ̀ fún bàbá òun ìyá rẹ". Mo mọ̀ pé àwọn ìjọ mìíràn ń kà á sí ìkarùn-ún, wọn kò jẹ̀bi. Irja sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Pásítọ̀ ní ọmọ dáadáa ni.

A jókòó sí oúnjẹ. Hilja ń gé kukko lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja ló ń jáde. Ó dé orí èyí tó wà láàárín tábìlì, ó gbé ọmọrí rẹ̀ kúrò, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Kalle ọkọ rẹ̀ na ọrùn wò ó. Aláwàdà ni Kalle, kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dúró de ọkàn rẹ̀.

“Ẹja yìí mà sanra o,” ló wí. “Oko ta ni wọ́n ti dẹ ẹ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ gan-an rẹ́rìn-ín músẹ́. Hilja wò yíká, ojú rẹ̀ bà lé Irja, nítorí òun ló ṣílẹ̀kùn fún un ní àárọ̀ tó rí i pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

“Irja, ṣebí ìwọ lo gbé èyí wọlé? Ìyá ẹ sọ fún mi pé ẹja ni.”

Ọmọ mìíràn ì bá ti sunkún. Ọmọ mìíràn ì bá ní òun ṣi kukko gbé, a ó sì tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ á parí. Irja nà tán, ó gbé àgbọ̀n sókè.

“Kì í ṣe tiwa, mà. Màámi kì í fi lanttu ṣe kukko. Ẹlẹ́dẹ̀ la máa ń fún ní lanttu nílé wa.”

Wọn kò ní ẹlẹ́dẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló mọ̀ pé wọn kò ní ẹlẹ́dẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín dá. Mo gbójú sókè, mo rí Saimi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò kọfí dání, apá aṣọ rẹ̀ ṣì ká sókè láti ibi iṣẹ́ ilẹ̀ fífọ̀.

Ó wọlé. Ó bu kọfí fún pásítọ̀, kò ta sílẹ̀. Ó bu fún Kalle. Hilja kò mọ ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀, ó bá gé kukko náà, ó nawọ́ ègé kan sí Saimi, ó ní kí ó bá wọn tọ́ ọ wò, òun tó mọ kukko ṣe. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá inú rere ló fi ṣe é. Saimi gbà á. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó jẹ ẹ́ tán, àwa sì ń wò ó.

“Ó jinná dáadáa,” ló wí. “Èèpo rẹ̀ kò là. Ẹni tó ṣe é kò fi ṣeré.”

Ó padà sínú ilé ìdáná. Olúkúlùkù tẹjú mọ́ ife tirẹ̀.

Nílé, ó gé kukko oníhò mẹ́ta, ó pín ẹja fún àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n jẹun. Tauno jẹ. Irja ń yọ egungun tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò bá a wí, kò bi í léèrè ohunkóhun. “Ká ní ó nà mí ni,” Irja wí fún mi nígbà tí àwa méjèèjì ti di àgbà, “ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí.” Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Sátidé tó tẹ̀ lé e dé, ààrò gbóná, búrẹ́dì wọlé, ọkà bálì wọlé, kò sí kukko. Sátidé mìíràn dé, bákan náà. Ìgbà tó ṣe, Irja fi ọgbọ́n béèrè pé ṣé lanttu ti tán ní àjà ilẹ̀ ni. Saimi kò bínú, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

“Lanttu wà. A kúkú ò ní ẹlẹ́dẹ̀.”

Kò tún ṣe kukko lanttu mọ́ nínú ilé náà. Irja pàdánù rẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi lé e lọ.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sweden bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ti ṣe. Àwọn kan ní abúlé ń sọ pé ọ̀rọ̀ kinkeri ló lé e lọ. Wọn kò tọ̀nà. Iṣẹ́ ló wá lọ. Ó rí i ní Eskilstuna, ní ilé ìdáná ilé-iṣẹ́ kan, ó ń se ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Tauno ti dàgbà, ó ti ní ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà ẹja kò wọ́n nílé mọ́, ìyá wọn sì máa ń fi kukko ẹja ránṣẹ́ sí Irja ní gbogbo Kérésìmesì, á fi ìwé ìròyìn wé e, á fún ẹni tó bá ń lọ. Àwọn obìnrin tiwa tó wà ní ilé ìdáná náà á kóra jọ yí i ká, omijé á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn. Wọ́n á béèrè ọwọ́ tó ṣe é. Irja á ní ọjà ìlú Kuopio ni wọ́n ti rà á.

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní tí òun bá ti la ẹnu láti sọ pé ìyá òun ló ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí òun lẹ́nu, ojú á ti òun, òun á sì sọ ohun tó yá. Báyìí ló ṣe sẹ́ ẹ lọ́dọọdún, láàárín àwọn tí kò bú u, tí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ì bá yìn ín.

Ọdún 1992 ni Saimi pé ọgọ́rin ọdún. Irja wá sílé. Ó ku ọ̀la kí àwọn èèyàn dé, mo lọ bá wọn nu ife. Mo bá Irja nídìí tábìlì, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, lanttu tó ti gé wà nínú abọ́. Saimi jókòó lórí àga ẹ̀gbẹ́ ààrò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó ń na ọwọ́, ó ń fi ìka wá ojú ibi tí èèpo ti fẹ́lẹ́.

Irja ní, “Màámi, lọ́la, tí gbogbo wọn bá ti jókòó, mo fẹ́ dìde kí n sọ ọ́.”

“Kí lo fẹ́ sọ?”

“Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kinkeri.”

“Dí ibí yìí ná. Ó fẹ́ là.”

Irja dí i. Mo fẹ́ jáde, mo sì ronú pé tí mo bá jáde nísinsìnyí, wọ́n á mọ̀ pé mo gbọ́. Mo dúró sídìí ife.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Hilja ṣì wà láyé, yóò wá. Ojú ń tì mí.”

“Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀.” Saimi nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. “O fẹ́ sọ ọ́ kí ara rẹ lè fúyẹ́. Èmi ńkọ́? Tó o bá dìde sọ ọ́, èmi ni wọ́n máa yíjú wò. Wọ́n á tún rí mi níbi tí mo dúró sí, tí mò ń jẹ kukko ara mi bí àlejò. Mo ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, gbé e mọ́ra. Tí mo bá lọ, ṣe bó ṣe wù ọ́.” Ó yíjú sí ààrò. “Iná ti rọlẹ̀. Gbé e wọlé.”

Kukko náà là nínú ààrò. Omi dídùn inú rẹ̀ ṣàn jáde, ó jó, èéfín gba ilé. Irja bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Saimi ní kí ló ń pa á lẹ́kún, ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta, kukko rẹ̀ á là. Àwọn méjèèjì ló fi ṣíbí jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò dé iwájú àlejò. Lọ́jọ́ kejì, kéèkì tí wọ́n rà nílùú ni a fi mu kọfí. Irja jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Saimi kú ní ìgbà ìrúwé ọdún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó sídìí kọfí nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Hilja Räsänen ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa. Irja dìde. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní kukko lanttu ọjọ́ kinkeri yẹn, ti ìyá òun ni, òun parọ́, òun sì mọ̀ pé òun ń parọ́.

Hilja gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

“Irja, gbogbo wa la mọ̀. Kò sẹ́lòmíì tó ń dí èèpo báyẹn lábúlé yìí.”

“Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, mà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.”

“A ti gbọ́,” Hilja wí. Kò fi ìkà sọ ọ́. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa lo parọ́ mọ́.”

Irja jókòó. Ó ti sọ ohun tó ti fẹ́ sọ láti ọdún márùndínlógójì, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ kò fúyẹ́. Ó rí bí ẹni tó gbé ẹrù dé ilé onílẹ̀kùn títì.

Nígbà tí ìwé ẹgbẹ́ abúlé jáde, mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti ka ìlà mẹ́rin yẹn. Mo ní bóyá ó sàn bẹ́ẹ̀, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní èmi tí mo máa ń fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe ọmọ ọlọ́mọ, ṣé èyí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Wọ́n pe ìyá òun ní ẹni tí a kò mọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n kọ orúkọ ìyá òun, kí n kọ orúkọ òun náà, kí n má sì bu iyọ̀ sí i.

Mo ti kọ ọ́. Ìròyìn tí mo gbọ́ kẹ́yìn nípa Irja Kolehmainen, láti ẹnu Tauno, ní oṣù kẹsàn-án, ni pé ó ṣì wà ní Eskilstuna, ó ń dá gbé ní àjà kẹta ilé kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó sì ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ilé ìdáná náà ní òwúrọ̀.